Fọ́tò Ológun Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ṣé Ogún Ni Tàbí Àmánà?

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé àwọn Mùsùlùmí, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀wò. Bí bàbá àgbà bá ti kú, tí àwọn ọmọ fẹ́ pín ilé àtijọ́, wọn a ṣí àpótí. Wọn a bá ìwé ilẹ̀ níbẹ̀, wọn a bá tẹ̀sùbáà àti agbádá tí kòkòrò ti jẹ, wọn a sì bá fọ́tò kan: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ kakí, tí ó gbé ìbọn mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mí. Ọmọ kan yóò ní kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí àlejò máa rí i. Òmíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kéwú òkèèrè dé yóò ní kí a dáná sun ún. Ẹ̀kẹta, tí ó sábà máa ń jẹ́ oníṣòwò, yóò béèrè iye tí àwọn òyìnbó ń ra irú rẹ̀. Mo mọ ilé tí ọmọ ìyá méjì kò ti jọ jẹun mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Lójú tèmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sáré jù. Kí a tó gbé e kọ́, kí a tó sun ún, kí a sì tó tà á, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ogun tí ó jà, àti ẹni tí ó ni fọ́tò náà gan-an. Ó lè máà jẹ́ ogún rárá. Ó lè jẹ́ àmánà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀sìn kúrò nílẹ̀ ná. Gbogbo wa ló ti gbọ́ hádíìsì tí ó sọ pé mọ̀láíkà kì í wọ ilé tí àwòrán wà. A sì ti gbọ́ ti ìyá wa Àíṣá, tí ó ta aṣọ alárà sí ilé, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kò fẹ́ ẹ, tí Àíṣá sì gé aṣọ náà ṣe ìrọ̀rí. Àwọn onímọ̀ ti Màlíkì, èyí tí àwa ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, fi ìyàtọ̀ sí ère tí ó ní òjìji àti àwòrán tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ère ni wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá, wọ́n sì dẹ ohùn díẹ̀ lórí èkejì. Nígbà tí ẹ̀rọ fọ́tò dé, Sheikh Muhammad Bakhit al-Mutii, tí ó jẹ́ Mufti ilẹ̀ Íjíbítì láti 1914 sí 1920, kọ ìwé kan pé fọ́tò kì í ṣe dídá ẹ̀dá, pé òjìji lásán ni a dì mú bí ìgbà tí ènìyàn wo dígí. Sheikh Ibn Baz ti Saudi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi bí ó bá di ọ̀ranyàn, bí irú ti ìwé ìrìnnà. (Lónìí, kò sí Alhájì kan nínú wa tí ó dé Mẹ́kà láìjẹ́ pé ó ya fọ́tò. Kí a rántí èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa ní kèfèrí.)

Ohun tí àwọn àáfáà tí mo bá sọ̀rọ̀ fẹnu kò sí ni pé a kò gbọdọ̀ gbé àwòrán ga bí ohun ìbọ, a kò sì gbọdọ̀ kọjú sí i kírun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi férémù olówó ńlá gbé bàbá rẹ̀ kọ́ sí ògiri tí ìdílé ń kọjú sí fún ìrun, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ìwé, nínú àpótí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí n sun ún. Ọ̀kan tilẹ̀ bi mí pé, bí o bá sun ún, tí ẹni tí ó ni ín bá dé ńkọ́?

Fọ́tò ológun a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò. Bí o bá rí fìlà pupa roboto tí kò ní etí, tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì wà lásán láìsí bàtà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ sójà àtijọ́, ṣáájú 1939. Ní 1897 ni Lugard gba àṣẹ láti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force jọ. Ní 1928 ni wọ́n fi Royal kún orúkọ náà. Àwọn ni wọ́n bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, tí wọ́n sì tún kó lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà títí di 1918. Mẹ́dà tí wọ́n fún wọn nígbà náà, ẹ yí etí rẹ̀ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sójà sí.

Bí ó bá jẹ́ fìlà etí gbòòrò tí a ká apá kan rẹ̀ sókè, Bọ́má ni kí o rò. Wo apá rẹ̀ bóyá àmì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun 81, tí ó dé Íńdíà ní 1943, ń lo aláǹtakùn dúdú. Ẹgbẹ́ 82, tí ó tẹ̀ lé e ní 1944, ń lo ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn láàárín òṣùká. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru igbá lọ sí ọjà. Àmì náà bá wọn mu, nítorí orí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù fi kọjá nínú igbó àti òkè Arakan níbi tí mọ́tò kò lè dé, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Bí 90,000 ènìyàn ló ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí ogun náà, Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù January 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung. Bọ́má Sítà tí wọ́n gbà jẹ́ ràwọ̀ onígun mẹ́fà. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kì í sì í ṣe wúrà, ohunkóhun tí ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ tàbí tí ó fẹ́ tà á fún ọ ì báà sọ.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ mú ọkàn le díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ogun inú fọ́tò ni ogun òkèèrè. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó, tí Háúsá pọ̀ nínú wọn, fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn. Ní 1916, sójà ni wọ́n fi pa ìṣọ̀tẹ̀ Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn. Ní 1918, nígbà tí Ẹ̀gbá kọ owó orí, tí wọ́n hú ojú irin, tí ogun Adúbí sì bẹ́ sílẹ̀, àwọn sójà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó lọ dojú kọ wọ́n; ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Ẹni tí ó wà nínú fọ́tò rẹ lè wà níbẹ̀. Nínú Súrà Nísáì, Ọlọ́run Ọba pa á láṣẹ fún wa kí a jẹ́rìí òdodo, bí ó tilẹ̀ ṣe lòdì sí ara wa tàbí sí òbí wa. Èmi kò sọ pé kí a máa bú òkú, Ànábì kọ̀ ọ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lọ tinútinú. Baálẹ̀ ló kà wọ́n mọ́ iye tí ìjọba béèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró níbi wòlímọ̀ kí ó máa kéde pé bàbá òun gba ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ọ̀tá, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ará Abẹ́òkúta ni bàbá náà yìnbọn sí.

Ti àwọn arẹrù tún wà ńbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò sì kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ní 2021, àjọ Commonwealth War Graves Commission jẹ́wọ́ nínú ìwé kan pé, nínú àwọn tí ó kú nínú ogun 1914 sí 1918, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Lárúbáwá, ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò tí orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó dúpẹ́.

Ìtàn Bọ́má kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ìjọ wa mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kì í ṣe Mùsùlùmí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó ń ṣe lójú ogun. Ní March 1944, àwọn Jàpáàn ká wọn mọ́ létí odò Kaladan, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, kò lè rìn mọ́. Òun àti ará Sàró kan ló kù sínú igbó. Àwọn Mùsùlùmí abúlé tí ó wà nítòsí ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, títí ọ̀kan nínú wọn, Shuyiman, fi gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Jàpáàn bá gbọ́, òun àti àwọn ọmọ òun kò ní yè é. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní December 1944. Fadoyebo kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1999. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ dé Arakan, ó sì bá àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú. Àwọn Mùsùlùmí agbègbè yẹn ni ayé mọ̀ sí Rohingya, àwọn tí ó lé ní 700,000 nínú wọn sá lọ sí Bangladesh láti August 2017. Bí ìjọ bá ń kó sàráà jọ fún wọn, kí Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò náà mọ̀ pé ó kàn án.

Ọdún 67 ni ọpẹ́ yẹn fi wà lọ́nà kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ ilé tiwa.

Bàbá tí ó bí bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ 82. Wọ́n padà dé ní 1946, wọ́n ń ta aṣọ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n ní 1988. Ilé wọn kò tíì pín títí di ẹnu àìpẹ́ yìí. Nígbà tí a ṣí àpótí, a bá Bọ́má Sítà kan àti fọ́tò kan tí ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti òṣùká lápá. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè ló ṣẹlẹ̀ lójú mi: ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kọ́ ọ, àbúrò mi ní kí a sun ún, ẹnìkan tí ó ń ra nǹkan àtijọ́ sì dá owó lé fọ́tò àti mẹ́dà pọ̀. Mo yí fọ́tò náà padà. Lẹ́tà kéwú ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, a sì gbé e lọ fún àáfáà. Ó ní àǹjẹ̀mí ni, Yorùbá tí a fi lẹ́tà kéwú kọ. Ọdún 1363 ti Híjírà ló wà níbẹ̀, èyí tí ó kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo 1944. Orúkọ méjì tẹ̀ lé e: ti bàbá wa, àti ti ọkùnrin kan, ọmọ aláṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ilé nínú àwọn méjèèjì, kí ó mú àwòrán yìí lọ fún àwọn ènìyàn ẹnìkejì.

A gbé ìbéèrè lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, Màmá wa àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Ẹ ti rí i nígbẹ̀yìn." Ìyá wọn ló sọ fún wọn, wọ́n sì fi pamọ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn náà kú ní Bọ́má ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Ní 1947, bàbá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú fọ́tò lápò. Wọ́n rí ilé náà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ìwé kankan tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn yẹn pé ọmọ wọn kú. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó sì jáde pẹ̀lú ayọ̀, ó ń béèrè pé ọkọ̀ òkun wo ni ọmọ òun ń bọ̀ wọ̀. Ó se oúnjẹ. Bàbá wa jẹ ẹ́, wọ́n kí wọn, wọ́n sì padà sílé. Wọn kò lè yọ fọ́tò náà jáde. Wọn kò tún lọ mọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá wa, àánú wọn sì ṣe mí. Síbẹ̀ n ó sọ ọ́ bí ó ti rí: ohun tí wọ́n gbé padà wá sílé kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin oníṣòwò ni ẹ máa yé ọ̀rọ̀ yìí jù. Bí ẹnìkan bá fi ẹrù sílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ pé òun ń bọ̀, tí o bá kú lójijì, ǹjẹ́ àwọn ọmọ rẹ lè pín ẹrù náà mọ́ ọjà rẹ? Nínú Súrà Nísáì kan náà ni Ọlọ́run ti pàṣẹ kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín, níbẹ̀ náà ni ó sì ti sọ pé lẹ́yìn gbèsè àti wàsíyà ni a ń pín ogún. Mẹ́dà lè jẹ́ ogún, kí a díye lé e kí a sì pín owó rẹ̀ bí òfin ti wí. Fọ́tò yẹn kò sí nínú ogún.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò rò. Nínú òfin Màlíkì, ẹni tí ó lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ kì í ṣe òkú. Ìyàwó rẹ̀ yóò gbé ọ̀ràn dé iwájú adájọ́, adájọ́ yóò sì fún un ní ọdún mẹ́rin kí ó tó wọ ìdádúró opó. Ohun ìní rẹ̀ yóò wà ní títì títí ìròyìn ikú rẹ̀ yóò fi dájú, tàbí títí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò fi kọjá èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò láyé. Ìpín tí ó yẹ kí ó jẹ lára ogún bàbá rẹ̀ pàápàá, a óò yà á sọ́tọ̀ dè é. Ẹ wo iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kan tí a kò sọ lè dá dúró.

A dá pínpín ilé dúró. A wá orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ ibi ìsìnkú ogun tí ó wà ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, níbi tí a kọ orúkọ bí 27,000 ènìyàn tí a kò mọ sàréè wọn sí ara òpó. Kí ẹni tí yóò bá wá irú rẹ̀ mọ̀ pé àwọn akọ̀wé ogun sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún sójà. Ẹni tí a ń pè ní Sùúlè, tí ó ti Ìlọrin wá, a di Sùúlè Ìlọrin. Nítorí náà, orúkọ ìlú ni kí ẹ wá pẹ̀lú orúkọ àbísọ, kí ẹ sì gbìyànjú àkọtọ́ bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Orúkọ mẹ́ta la rí tí ó lè jẹ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti àbúrò mi tí ó fẹ́ sun fọ́tò náà lọ kírun ní Ìṣẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun, a fi orúkọ náà lé lèmọ́mù lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, ìdílé náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mú wa dé ilé kan níbi tí wọ́n ṣì ń hun òfì. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé náà. A dọ̀bálẹ̀, a sì rò fún wọn bí ó ti rí, gbogbo rẹ̀, títí dé oúnjẹ tí bàbá wa jẹ ní 1947.

Wọ́n ní àwọn rántí sójà kan tí ó wá nígbà tí àwọn kéré. Wọ́n ní ìyá àgbà àwọn mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àlejò náà kò lè wo ojú òun, pé òun ni kò jẹ́ kí àlejò náà sọ ọ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun bo ẹnu rẹ̀. Lọ́dún kejì ni wọ́n ṣe fídáù fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni ní ìta.

Wọ́n gba fọ́tò náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọn kò tíì rí àwòrán ẹni náà rí láyé wọn, nítorí náà wọ́n ní kí n fi ìka hàn wọ́n èwo nínú àwọn méjèèjì ni. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n pe àwọn ọmọ tí ó wà nídìí òfì kí wọ́n wá wò ó, lèmọ́mù sì ṣe àdúà fún àwọn méjèèjì pọ̀, tiwọn àti tiwa.

Kí a tó kúrò nílé ni a ti ní kí onífótò ya ẹ̀dà rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀dà náà ló wà lọ́wọ́ wa, nínú àpótí. Ìyá náà fi ojúlówó sínú Àlùkùránì ọkọ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a jókòó, a pín ilé.